Òfin aago ọdún 1673 àti ìmọ́lẹ̀: kí ni ìròyìn yẹn ń sọ gan-an?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Xiaofeng Qian, onímọ̀ físíìsì ní Stevens Institute of Technology ní New Jersey, Amẹ́ríkà, àti ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde nínú Physical Review Research, ìwé tí wọ́n ti ń gbé ìwádìí físíìsì jáde. Ìròyìn gbà á kiri pé òfin ọlọ́dún 350 ti fi ohun tuntun hàn nípa ìmọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, ó sì yẹ kó yé wa.

Ta ló ni òfin náà?

Christiaan Huygens, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tí wọ́n bí ní The Hague ní 1629.

Inú ìwé wo ló wà?

Horologium Oscillatorium, tó jáde ní Paris ní 1673. Ìwé aago ni. Huygens ló ṣe aago onípẹ́ńdúlọ̀mù ní 1656, ìyẹn aago tí nǹkan ń fì sọ́tùn-ún sósì nínú rẹ̀. Kó tó dé, aago lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣìnà lójúmọ́. Tirẹ̀ dín in kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìwé tó kọ nípa ìmọ́lẹ̀, Traité de la lumière, ọ̀tọ̀ ni: 1690 ló jáde ní Leiden, ibẹ̀ ló sì ti ṣàlàyé pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ o. Inú ìwé aago ni wọ́n ti lọ mú òfin tí wọ́n fi wo ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyanu náà wà.

Kí ni òfin náà sọ?

Ẹ mú ọmọ odó kan. Ẹ di àárín rẹ̀ mú, níbi tó ti dọ́gba lọ́wọ́ yín, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ wá di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ fì í bákan náà. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ ọwọ́ yín á sọ fún yín pé èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀pá tó dọ́gba látòkè délẹ̀, líle náà di ìlọ́po mẹ́rin. Huygens ló la ọ̀nà bí a ṣe ń ṣírò àfikún yẹn láti orí ìwúwo nǹkan náà àti bí ibi tí a dì mú ṣe jìnnà sí àárín tó.

Kí ló wá kan ìmọ́lẹ̀?

Ẹ so okùn mọ́ igi, kí ẹ di orí rẹ̀ kejì mú, kí ẹ mì ín. Ẹ lè mì ín sókè sódò, ẹ sì lè mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń mì. Bí mímì náà ṣe dúró síhà kan tó ni wọ́n ń pè ní polarization. Tó bá ń mì síhà kan ṣoṣo, polarization rẹ̀ pé. Tó bá ń mì kátikàti, polarization rẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ kejì tó yẹ ká mọ̀ ni entanglement. Nínú iṣẹ́ yìí, ó túmọ̀ sí pé ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ń mì sí ti so mọ́ ibi tó wà nínú ìtànṣán náà, débi pé a ò lè sọ̀rọ̀ ọ̀kan ká yọ èkejì sílẹ̀.

Ohun tí Qian àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó sí ipò ìwúwo, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò ọmọ odó wa yẹn. Ìṣirò náà bọ́ sí i. Ó fi hàn pé polarization àti entanglement dà bí ìkòkò méjì tó ń pín omi kan náà: bí ọ̀kan ṣe ń kún ni èkejì ń fà. Ẹni tó bá wọn ọ̀kan ti mọ èkejì. Èyí wú mi lórí gidigidi, nítorí entanglement ṣòro láti wọ̀n, ṣùgbọ́n mímọ́lẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rọrùn láti wọ̀n.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ ní ìwúwo nìyẹn?

Rárá, ìṣirò ló bára mu.

Ṣé entanglement tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2022 ni?

Òun kọ́. Aspect, Clauser àti Zeilinger, àwọn tó gba ẹ̀bùn náà, ṣiṣẹ́ lórí ègé ìmọ́lẹ̀ tó jìnnà síra, tí ọ̀rọ̀ wọn ṣì so pọ̀. Ti Qian wà nínú ìtànṣán kan ṣoṣo.

Ṣé mo lè fi ojú ara mi rí polarization?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá awò oòrùn tí wọ́n kọ "polarized" sí lára, ẹ fi wo ojú fóònù tó ń tàn, kí ẹ máa yí fóònù náà díẹ̀díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ fóònù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn níbì kan. Àmọ́ ẹ má ṣe fi wo oòrùn.

Wọ́n ń ta ẹ̀gbà ọrùn "quantum" (ọ̀rọ̀ físíìsì tí wọ́n ń lò fún àwọn nǹkan tó kéré jọjọ), wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Ṣé ìwádìí yìí tì í lẹ́yìn?

Kò tì í lẹ́yìn rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọ̀rọ̀ núkílíà ní Netherlands, ìlú Huygens gan-an, kìlọ̀ nípa irú ọjà mẹ́wàá bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n bá ìtànṣán olóró lára wọn. Kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru fún ìgbà pípẹ́ lè fi ba awọ ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní i bọ́ ọ, kó sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó láàbò. Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé wà lára mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, nítorí náà ẹ yẹ ọwọ́ àwọn ọmọ yín wò pẹ̀lú.