Fáìlì ìrọbí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè

Bí ọ̀rọ̀ ìbímọ bá di ẹkún, ohun tí àwọn àgbà ilé máa ń sọ lÓgbómọ̀ṣọ́ ni pé ká gba fún Ọlọ́run. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura pé jákujàku ni wọ́n ṣe ìtọ́jú náà, ẹ kọ lẹ́tà béèrè fáìlì kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí.

Bébà kan wà níbẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní partograph. Òun ni lọ́yà máa ń kọ́kọ́ wá. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sàmì sí bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí àti bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Bí ìrọbí bá ti mú gidi, kò yẹ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá kí wọ́n má gbọ́ ọkàn ọmọ. Bí ìyá bá sì ti ń ti ọmọ jáde, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni. 110 sí 160 ló yẹ kó máa lù ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá kọ 90 ní aago 2 òru, tí àmì tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ti aago 5, wákàtí 3 tó ṣófo yẹn gan-an ni ẹjọ́ yín. Ẹ wo bíró pẹ̀lú. Bí ọwọ́ kan náà bá kọ wákàtí 12 láìsí ìpààrọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n jókòó kọ ọ́.

Bí wọ́n bá fa oògùn oxytocin sí ìyá lára láti mú ìrọbí yára, iye ẹ̀kán gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Bí ilé ọmọ bá ń sún kì ju ìgbà 5 lọ nínú ìṣẹ́jú 10, ó yẹ kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Bí wọn kò bá dá a dúró, ọmọ kì í rí èémí gbà, ilé ọmọ sì lè ya.

Kì í ṣe gbogbo òfò ni ẹ̀bi dókítà o. Ẹ ní láti fi hàn pé ìtọ́jú wọn kù díẹ̀ káàtó, àti pé ohun tó kù yẹn gan-an ló fa ìpalára. Apá kejì yìí ló le jù, dókítà mìíràn ló sì máa ń jẹ́rìí sí i. Bó bá jẹ́ ìyá ló kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹbí á fẹ́ sin ín lọ́jọ́ náà. Ó dun èèyàn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá jẹ́ kí wọ́n yẹ òkú wò, ó ṣòro láti fi hàn ohun tó pa á.

Òfin ìlera ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ aláìsàn. Òfin ọdún 2023 lórí ìsọfúnni ara ẹni sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i. Ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ tí ẹ wọlé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bó bá jẹ́ ọsibítù ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè má fún yín ju oṣù 3 lọ láti pẹjọ́, láti ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń kà á. Àdúrà ogójì ọjọ́ nìkan ti jẹ ju oṣù kan lọ níbẹ̀.

MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ dókítà, ṣùgbọ́n kóòtù ló ń dá owó gbà-má-bínú.

Ẹ tọ́jú ìwé pélébé tí wọ́n fi rán yín lọ ra ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹbí ló pẹ́, tí rìsíìtì sì fi aago 1:20 hàn, tí fáìlì ní aago 4 ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí i lára, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Òun náà ni ẹ̀rí owó tí ẹ ná, torí kóòtù kì í gba ti ẹnu lásán. Ẹ tètè yà á sórí fóònù, nítorí íńkì rìsíìtì POS máa ń parẹ́ kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́.