Ṣebí ewé lásán ni?

Tẹ́ ẹ bá ní kéèyàn rọra lo essential oil, ìyẹn òróró olóòórùn líle tí wọ́n ń fún látara ewé àti òdòdó, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé "ṣebí ewé ni, kí lewé fẹ́ fi mí ṣe?" Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí o. Wọ́n ní òróró peppermint, ewé tó máa ń tutù lẹ́nu yẹn, ń jẹ́ kí irun hù, mo ra ìgò kékeré kan, mo dà á síka mo fi ń pa iwájú orí mi tó ti ń ṣí, mi ò pò ó mọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ tutù nini bíi yìnyín, kò pẹ́ ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bíi pé wọ́n fi ata rodo ra mí lórí, mo sáré fomi bọ̀ ọ́, omi wá ń gbé e bọ̀ lójú mi. Àṣé omi ò ràn án, òróró ni wọ́n fi ń nu òróró. Àdí àgbọn ni àǹtí mi fi nù ún kó tó fọṣẹ sí i.

Ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ewé mọ́. Òdòdó lavender tó lé ní kílò 100 ni wọ́n máa ń fi ooru omi fún kí wọ́n tó rí kílò òróró kan. Kànáfùrù tá à ń jẹ lẹ́nu láìsí wàhálà, òróró ẹ̀ lásán lè bó èrìgì yín.

Ẹ pò ó. Àdí àgbọn tàbí òróró olífì 30ml, ẹ̀kán 6 ti tó fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 12 ni kẹ́ ẹ má kọjá. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú ìgbọ̀nwọ́, ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá fi òróró lẹ́mọ́ọ̀nù pa ara, ẹ má bá a jáde sóòrùn, ó lè jó yín dúdú.

Tẹ́ ẹ bá ń rà á, ìgò dúdú ni kẹ́ ẹ wá, kí orúkọ Látìn ewé náà wà lára ẹ̀, bíi Lavandula angustifolia. Èyí tí wọ́n kọ fragrance oil sí, lọ́fínńdà nìyẹn. Òróró rose wọ́n ju ti lẹ́mọ́ọ̀nù lọ fíìfíì, ẹni tó bá ń ta méjèèjì níye kan náà, ẹ yáa kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀.

Tàwọn ọmọdé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ọmọ bá ní kátà, àwọn kan á kán òróró ewé eucalyptus sí i nímú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ó lè dí èémí ọmọ. Tó bá sì lọ gbé e mu, ìwọ̀n ṣíbí tíì kan péré lè mú gìrì wá. Àwọn ìyá wa á ní ẹ fún un lépo pupa kó lè bì. Epo ò wo èyí o, tó bá bì, òróró yẹn lè gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ọmọ, ẹ mú ìgò náà dání, ó di ọsibítù.