Bí Sẹ́ńsọ̀ Inú Kọnkéré Ṣe Ń Mọ̀ Pé Bímù Ti Ń Sán

Kọnkéré kì í kọ ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀; ohun tó bá ń fà á ni kò lágbára fún. Agbára rẹ̀ lórí fífà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó fi ń gba ẹrù lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń fi irin rọ́ọ̀dù sí i nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí abẹ́ bímù, ìyẹn òpó kọnkéré tí wọ́n dábùú láti gbé ẹrù, fi sábà ń kọ́kọ́ sán, torí abẹ́ ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fà á. Sísán tí kò fẹ̀ tó 0.3 mìlímítà kì í sábà dẹ́rù ba ẹnjinníà. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi òjò á ráyè dé ìdí irin, irin á dógùn-ún, á wú, á sì máa ti kọnkéré ya láti inú.

Ká ní wọ́n fẹ́ kọ́ afárá olókè bíi ti ìlú Ọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n sì fẹ́ máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n tó da kọnkéré ni wọn yóò ti so sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí kọnkéré ṣe ń nà, mọ́ irin, níbi tí ìṣirò bá ti fi hàn pé fífà yóò pọ̀. Irú kan tó wọ́pọ̀ jẹ́ páìpù kékeré, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, tí wọ́n na wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí nínú. Mágínẹ́ẹ̀tì oníná kan á ta wáyà yìí, á gbọ̀n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀rọ á sì ka iye ìgbà náà. Bí onílù ṣe ń fún ọṣán gángan kí ohùn rẹ̀ lè ròkè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: bí kọnkéré bá nà, wáyà á le sí i, ohùn á lọ sókè. Sísán tó bá gba àárín sẹ́ńsọ̀ kọjá á mú kí ohùn náà fò sókè lójijì. Èyí tó bá sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ohùn lè wálẹ̀ ni, torí kọnkéré tó wà nítòsí ojú sísán ti dẹ̀. Ẹni tó bá ń retí òkè nìkan kò ní rí i.

Oòrùn ọ̀sán náà máa ń na kọnkéré, nítorí náà wọ́n ń fi ohun tó ń wọn ooru sínú sẹ́ńsọ̀ kan náà. Síbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà ń bàjẹ́ ni ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré gan-an: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n kó lè kì ló máa ń já wáyà tó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń kà á.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ yìí bá wà nìkan ló mọ̀. Fáíbà, irú èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, lè ṣọ́ bímù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń padà wá, ó sì máa ń yàtọ̀ níbi tí fáíbà bá ti nà. Ẹ̀rọ tó ń kà á ló wọ́n.

Ilé tó ti dúró tẹ́lẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé tàbí ní àárín Àkúrẹ́ kò lè gbé sẹ́ńsọ̀ mì mọ́. Ara rẹ̀ ni wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a lè fi síméǹtì lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán, kó kọ déètì sí i. Bó bá fọ́, ilé ṣì ń rìn, kó pe ẹnjinníà. Bó bá la odidi òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan já láìfọ́, ó ṣeé ṣe kí sísán náà ti dúró.