Bí Oníṣòwò Option Ṣe Ń Ṣètò Ọ̀sẹ̀ Kí Ọjà New York Tó Ṣí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí oníṣòwò option ń jókòó ṣe ní ọjọ́ Àìkú ni kó sọ bóyá ọjà yóò gòkè tàbí yóò já wálẹ̀. Iṣẹ́ náà kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta option ti sọ bí ọjà ṣe lè mì tó, bí kò tilẹ̀ sọ apá ibi tí yóò kọrí sí. Ibẹ̀ ni ètò ọ̀sẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àdéhùn ni option. Ẹni tó ra call ní ẹ̀tọ́ láti ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní iye tí wọ́n ti fohùn sí, kí ọjọ́ àdéhùn tó pé. Ẹni tó ra put ní ẹ̀tọ́ láti tà. Àdéhùn kan sábà máa ń dúró fún ìpín 100. Ó jọ owó àsansílẹ̀ tí ènìyàn san kí wọ́n má baà ta ilẹ̀ kan fún ẹlòmíràn: bí ilẹ̀ náà bá wọ́n sí i, ó jèrè, bí kò bá padà wá rà á, owó náà ti lọ. Ní Chicago ni ilé-iṣẹ́ ọjà Cboe ti ṣí ọjà option ní 1973, ọdún 2005 ni wọ́n sì mú option ọlọ́sẹ̀ kan jáde. Láti 2022, kò sí ọjọ́ tí ọjà ṣí tí option kan lórí S&P 500, atọ́ka tó ń ka ìpín bíi 500 ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà pọ̀, kì í parí, ìyẹn ni pé kí ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ pé.

Ká ní S&P 500 parí ní 5,000 lọ́jọ́ Ẹtì. Oníṣòwò yóò wo call àti put tí iye àdéhùn wọn jẹ́ 5,000 gan-an, tí yóò parí ní Ẹtì tó ń bọ̀. Bí call bá jẹ́ 45, tí put jẹ́ 43, àpapọ̀ wọn jẹ́ 88. Ẹni tó bá ra méjèèjì tó sì dì wọ́n mú títí wọn yóò fi parí kò ní jèrè àfi tí atọ́ka náà bá kọjá 5,088 lókè tàbí 4,912 nísàlẹ̀. Àyè tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni ọjà ti fowó sí fún ọ̀sẹ̀ náà.

VIX, atọ́ka tó ń ti inú iye option wọn bí ọjà ṣe lè mì tó, la fi ń yẹ ìṣirò yìí wò. Ọgbọ̀n ọjọ́ tó ń bọ̀ ni VIX ń wò, ṣùgbọ́n bí ìdá ọgọ́rùn-ún fún odidi ọdún ni wọ́n ń kà á. Láti sọ ọ́ di ti ọ̀sẹ̀, a ó fi 7.2 pín in, nítorí 7.2 lọ́nà 7.2 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 52, iye ọ̀sẹ̀ inú ọdún. Bí VIX bá wà ní 16, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí 110 lórí 5,000. Kò burú pé 88 kéré sí 110: ìpíndọ́gba ìrìn ni 88, nígbà tí 110 jẹ́ ààlà tí a retí pé ọjà kò ní kọjá nínú bíi ọ̀sẹ̀ méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí call àti put bá jẹ́ 130 tí VIX ṣì wà ní 16, nǹkan kan ń bẹ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù, ó sì yẹ ká wá a rí.

Kàlẹ́ńdà la ti ń wá a. Ìròyìn ìgbanisíṣẹ́ Amẹ́ríkà sábà máa ń jáde ní Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìṣirò ọ̀wọ́n ọjà sì máa ń jáde láàárín oṣù, aago 8:30 àárọ̀ New York ni méjèèjì. Ìgbà mẹ́jọ lọ́dún ni Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣe ìpàdé tí wọ́n ti kéde tẹ́lẹ̀, aago méjì ọ̀sán ni ìpinnu ń jáde, alága a sì bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ ní 2:30. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó gbọ́dọ̀ rántí pé Amẹ́ríkà máa ń yí aago padà, Nàìjíríà kì í yí i. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, aago 2:30 ọ̀sán wa ni ọjà ń ṣí. Lẹ́yìn náà ó di 3:30.

Ìròyìn èrè ilé-iṣẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ ọwọ́ tuntun lára jù, ó sì yẹ kó yé wọn dáadáa. Ká ní ìpín kan wà ní dọ́là 100, ẹnì kan sì ra call kan tí iye àdéhùn rẹ̀ jẹ́ 100, ní dọ́là 5 fún ìpín kọ̀ọ̀kan, nítorí ìròyìn ń bọ̀. Ìròyìn jáde, ó dára, ìpín gun 103. Call náà wá wà ní 3.50. Ó gbá ìròyìn mú, síbẹ̀ ó pàdánù dọ́là 150. Nínú dọ́là 5 tó san, iye owó àìmọ̀ wà níbẹ̀. Bí ìròyìn ti dé, àìmọ̀ parí, owó rẹ̀ sì yọ́ lóru ọjọ́ kan. Nítorí náà, kí ènìyàn tó rà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìpín náà yóò rìn ju ohun tí wọ́n ti fowó sí lọ.

Ẹni tó ń ta option, tó gba owó tó sì gbọ́dọ̀ mú àdéhùn ṣẹ, náà ní ewu tirẹ̀. Ààlà 110 yẹn kì í ṣe ògiri. Ní August 5, 2024, lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ Japan gbé èlé sókè tí ìròyìn iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì já àwọn ènìyàn kulẹ̀, VIX kọjá 65 kí ọjà tó ṣí, S&P 500 sì já ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ta put láìra òmíràn tì í lẹ́yìn kò ní ibi tí àdánù rẹ̀ yóò ti dúró, àfi tí ìpín bá di òdo.

Ìdí nìyí tí iye àdánù fi gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ṣáájú èrè. Ká ní oníṣòwò ní dọ́là 20,000, ó sì pinnu pé òun kò ní fi ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣòfò lórí òwò kan, ìyẹn dọ́là 400. Bó bá ta call 5,100 tó ra 5,120 lórí SPX, ìyẹn option S&P 500 fúnra rẹ̀, tó gba 4 lórí méjèèjì, àdánù tó pọ̀ jù jẹ́ 20 tó wà láàárín wọn dín 4, lọ́nà 100, ìyẹn dọ́là 1,600. Kò wọlé sínú 400 yẹn. XSP, tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá SPX, ló bá a mu: 510 àti 512, ó gba 0.40, àdánù tó pọ̀ jù jẹ́ dọ́là 160. Ó lè ṣe méjì.

Láti Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kò yẹ kí iṣẹ́ pọ̀: wíwo bóyá ọjà ṣì wà nínú àyè rẹ̀, àti jíjáde níbi tí a ti kọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló gba àfiyèsí. Owó ni wọ́n fi ń parí SPX àti XSP. Ìpín gan-an ni wọ́n fi ń parí option SPY, àpò ìdókòwò tí ìpín rẹ̀ ń tẹ̀lé S&P 500. Ẹni tó ta put SPY ní 500 tó sì fi í sílẹ̀ lè jí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kó rí i pé òun ti ra ìpín dọ́là 50,000. Kódà bí SPY bá parí díẹ̀ lókè 500 ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ New York, ẹni tó ra put náà ṣì ní àyè títí di 5:30 láti sọ pé òun fẹ́ lo ẹ̀tọ́ òun, iye owó sì lè ti yí padà kí ìgbà yẹn tó pé. Pípa àdéhùn bẹ́ẹ̀ dé kí ọjà tó tì máa ń ná ènìyàn ní owó díẹ̀, owó yẹn sì yẹ ní sísan.