Ẹ Yọ Kókó Nínú Odó Kí Ẹ Tó Bu Iyán: Fífi Àtúnṣe Sínú Díìsìkì Windows

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ìkọ̀lé pè mí pé kí n wá bá wọn fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà 12. Díìsìkì Windows 7 tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo dà sórí fíláàṣì mẹ́rin, mo sì gbọ̀nà. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí mo fi parí. Gbogbo wọn tàn, ojú wọn ń dán. Mo so wọ́n mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n máa gba àtúnṣe wọn lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa àtúnṣe ọ̀pọ̀ ọdún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti orí dátà kan ṣoṣo. Dátà tí ilé ẹ̀kọ́ rà fún odindi oṣù kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí àwọn tó ti rí tiwọn gbà ṣe ń tò ó sínú lọ́wọ́ ni iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ sì ti tán. Nígbà tí iná dé, mẹ́ta nínú wọn kàn ń kọ ọ́ sójú pé àwọn ń dá àtúnṣe padà; wọ́n á tàn, wọ́n á kú, wọ́n á tún tàn, wọn ò wọlé. Ọ̀gá àgbà, ìyá tó tó bí mi lọ́mọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ṣé kí n sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n wá lọ́la, àbí kí n má tíì sọ?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Kọ̀ǹpútà wọn kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo gbé iyán tó ní kókó wá.

Ẹni tó bá ti gúnyán rí ní Èkìtì mọ̀ pé inú odó la ti ń wá kókó. Bí ọmọ odó bá kan ohun líle, a ó dúró, a ó fọwọ́ yọ ọ́ tàbí kí á gún un kúnná. Bí a bá bù ú sínú abọ́ méjìlá tòun ti kókó rẹ̀, ẹni méjìlá ni yóò máa ṣà á lẹ́nu. Díìsìkì ni odó, kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ gbé Windows sí ni abọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí a ṣe ń wọ inú díìsìkì fúnra rẹ̀, tí a ó da àtúnṣe pọ̀ mọ́ ohun tó wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yóò jí pẹ̀lú àtúnṣe lára. Slipstream làwa oníṣẹ́ ń pè é.

Dátà tó ń ṣòfò kọ́ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ààbò ni. Díìsìkì kì í dàgbà: ohun tí Microsoft mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é ló wà nínú rẹ̀ títí ayé. Windows XP jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Blaster bẹ̀rẹ̀ sí í jà kálẹ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Kí kọ̀ǹpútà ṣáà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti wọlé. Ẹ ó rí àkọlé lójú kọ̀ǹpútà pé yóò kú láàárín ìṣẹ́jú kan, iye ìṣẹ́jú àáyá yóò sì máa dínkù lójú yín. Àtúnṣe tó dí ihò tí kòkòrò náà ń gbà wọlé ti jáde láti oṣù Keje, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi díìsìkì ọdún 2001 fọ́ọ̀mátì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó rí i gbà, ọ̀nà ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò náà sì ba sí. Ẹni tó lọ ra àgádágodo sọ́jà tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn, kí ni yóò padà bá nílé?

Ìdí nìyẹn tí Service Pack 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2004 fi ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀. Service Pack ni àkójọ àtúnṣe ńlá tí Microsoft máa ń dì sójú kan láyé ìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n pè ní SP2 yìí máa ń tan ògiri ààbò kọ̀ǹpútà láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó wà ní pípa tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti dà á pọ̀ mọ́ díìsìkì rẹ̀ ti ní ààbò kó tó fi okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan kọ̀ǹpútà. Ìlà àṣẹ kan ṣoṣo ló sì gbà. Ní ti SP3, tó jáde lọ́dún 2008, ẹ ó da díìsìkì XP sínú fódà C:\XP, ẹ ó sì kọ: WindowsXP-KB936929-SP3-x86-ENU.exe /integrate:C:\XP. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọ ọ́ sórí sídì tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, kòkòrò kan tó ń jẹ́ WannaCry gba ihò tí àtúnṣe yẹn ti dí wọ kọ̀ǹpútà àwọn tí kò tíì gbà á, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn ní Gẹ̀ẹ́sì dá aláìsàn padà sílé lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà tí Windows 10 ti dé ní oṣù Keje ọdún 2015, kò sí Service Pack mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣooṣù, àtúnṣe kan ń jáde tó kó gbogbo ti àtẹ̀yìnwá mọ́ra. Ìyẹn mú iṣẹ́ wa rọrùn, nítorí a kò tún ní máa to ọgọ́rùn-ún fáìlì mọ́. Windows 10 fúnra rẹ̀ sì ti parí ìrìn àjò rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò, nítorí náà Windows 11 ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù kan péré lẹ ní, ẹ má ṣe wàhálà yìí. Ẹ gba díìsìkì tuntun lórí ìkànnì Microsoft, àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bó bá ti ju mẹ́ta lọ, tàbí iṣẹ́ yín ni bíi tèmi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé láptọ́ọ̀pù wá láti Ìwòròkò lójoojúmọ́, ẹ ṣe é.

Ẹ gba fáìlì ISO Windows 11, ìyẹn odindi díìsìkì tí wọ́n dì sínú fáìlì kan, lórí ìkànnì Microsoft, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ti bá yín tún un ṣe. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò ṣí bíi díìsìkì. Ẹ da gbogbo inú rẹ̀ sínú fódà C:\Win11. Nínú fódà kékeré tó ń jẹ́ sources lẹ ó ti rí install.wim. Òun ni odó wa. Bí ẹ bá rí install.esd dípò rẹ̀, Media Creation Tool, irinṣẹ́ Microsoft tó ń ṣe fíláàṣì Windows, lẹ fi gbà á; ẹ lọ gba ISO gangan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí install.wim, ẹ yọ àmì Read-only kúrò níbi Properties. Èyí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, tí kọ̀ǹpútà yóò fi ní ẹ ò ní àṣẹ láti ṣí i.

Ẹ lọ sí Microsoft Update Catalog, ìkànnì tí Microsoft ń kó àtúnṣe sí, fún àtúnṣe oṣù náà. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa: x64 ni ti láptọ́ọ̀pù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, arm64 kò ní wọ̀ ọ́. Láti orí ẹ̀yà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 lọ, fáìlì tí ẹ ó gbà lè ju ẹyọ kan lọ, torí pé ti tuntun ń gbára lé ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ kó gbogbo wọn sínú fódà C:\Atunse, kí fáìlì míì má sí níbẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá fódà òfìfo C:\Mount. Kí ààyè tó tó gígábáìtì 30 ṣófo lórí kọ̀ǹpútà yín, kí bátìrì kún, nítorí iṣẹ́ yìí lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, pẹ̀lú àṣẹ Administrator. Irinṣẹ́ inú Windows tó ń jẹ́ dism la ó lò. Àkọ́kọ́:

dism /Get-WimInfo /WimFile:C:\Win11\sources\install.wim

Yóò to oríṣi Windows tó wà nínú rẹ̀, Home, Pro àti àwọn míì, pẹ̀lú nọ́mbà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríṣi kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Àtúnṣe tí ẹ fi sí Pro kò dé Home. Bó bá jẹ́ pé 6 ni nọ́mbà èyí tí ẹ fẹ́:

dism /Mount-Wim /WimFile:C:\Win11\sources\install.wim /Index:6 /MountDir:C:\Mount

dism /Image:C:\Mount /Add-Package /PackagePath:C:\Atunse\ (ẹ fi orúkọ fáìlì tuntun jù lọ parí rẹ̀)

Ìgbà tí èyí bá ń lọ, yóò dà bíi pé ó ti kú. Kò kú. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá parí, ẹ ti gbogbo fèrèsé tó ń wo inú C:\Mount pa, torí bí ọ̀kan bá ṣí, ìgbésẹ̀ tó kàn yóò há:

dism /Unmount-Wim /MountDir:C:\Mount /Commit

Commit ni ó ń fi iṣẹ́ náà pamọ́. Bí nǹkan bá dàrú lójú ọ̀nà, ẹ kọ Discard sí ipò rẹ̀, ohun tó wà tẹ́lẹ̀ yóò dúró bó ṣe wà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù. Fíláàṣì tí kọ̀ǹpútà òde òní ń bá tàn máa ń jẹ́ FAT32, ọ̀nà ìto fáìlì kan tí kò lè gba fáìlì tó ju gígábáìtì 4 lọ, install.wim sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́:

dism /Split-Image /ImageFile:C:\Win11\sources\install.wim /SWMFile:C:\Win11\sources\install.swm /FileSize:3800

Ẹ kó install.wim kúrò níbẹ̀, ẹ fi àwọn swm sílẹ̀, ẹ da gbogbo C:\Win11 sórí fíláàṣì. Ètò Windows mọ̀ wọ́n, yóò so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò, ẹ jẹ́ kó tàn, kó kú, kó tún tàn, kí ẹ tó lọ bá àwọn yòókù.

Ní ti Windows 7, Microsoft ti ṣíwọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Mi ò fẹ́ kí ó kan íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí kò gba òmíràn, ẹ wá díìsìkì tí SP1 wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí dism kò ní gbà yín láàyè láti da SP1 sínú èyí tí kò ní in. Ẹ kọ́kọ́ fi àtúnṣe tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ KB3020369 sí i, kí ẹ tó fi KB3125574 tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù ni ti àwọn fíláàṣì tí a ń gbà lọ́wọ́ ara wa, "Windows tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀." Ẹni tó lè fi àtúnṣe sínú install.wim lè fi olè sínú rẹ̀ pẹ̀lú, àṣẹ kan náà ni yóò lò. Ọ̀fẹ́ ni gbígba ISO lọ́dọ̀ Microsoft. Ìwé àṣẹ ìlò lẹ ń sanwó fún. Lójú ìwé tí ẹ ti gbà á, wọ́n kọ nọ́mbà gígùn kan tó ń jẹ́ SHA-256; ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ ISO yín, àti SHA256, kí ẹ wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ pa á rẹ́.

Mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú fíláàṣì tí mo fi òru méjì tọ́jú. Kí wọ́n tó jáde iléèwé, àwọn ọmọ ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tọrọ àforíjì, Ọ̀gá àgbà bi mí pé báwo làwọn ṣe fẹ́ mọ̀ bí ẹlòmíràn bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn. Èsì tí mo fún wọn ni mo ń fún yín, fún Windows 10 sókè: ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ winver, ẹ tẹ Enter. Àpótí kékeré yóò jáde tó ní nọ́mbà OS Build. Ẹ fi wé èyí tí Microsoft kọ síwájú àtúnṣe oṣù yẹn lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó sanwó iṣẹ́. Fíláàṣì tèmi, mo lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́yìn, oṣù àti nọ́mbà náà ni mo kọ sí i, mo sì ń fi han oníbàárà kí n tó fi kan kọ̀ǹpútà rẹ̀.