Iṣẹ́ Òru Nínú Oko Èso Dírágónì

Ẹni tó bá gba tòsí ìlú Phan Thiết kọjá lóru, ní gúúsù Vietnam, yóò rí oko tó tàn yòò látòkèèrè. Gílóòbù tí àwọn àgbẹ̀ so sáàárín igi èso dírágónì ló ń tàn báyẹn. Owó gidi ló wà nídìí iná náà, àmọ́ kó tó lè yéni, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú igi tó jẹ́.

Ìdílé káktọ́ọ̀sì ló ti wá, ara rẹ̀ sì jọ ti orọ́ tí wọ́n máa ń fi ṣe ọgbà yí ilé ká. Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Àwọn Faransé ló gbé e dé Vietnam ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò ní ewé. Ìtàkùn ọlọ́ràá onígun mẹ́ta ni, tó ń fi gbòǹgbò ara rẹ̀ di igi mú gun òkè. Tí oòrùn bá ń mú, á pa àwọn ihò wínníwínní ara rẹ̀ dé kí omi má bàa gbẹ lára rẹ̀. Ó di òru kó tó ṣí wọn láti fa atẹ́gùn tó fi ń ṣe oúnjẹ. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè fara da ọ̀dá. Omi tó bá dúró sídìí rẹ̀ ni kò lè fara dà, kíá ni gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà.

Èyí tí wọ́n bá fi hóró gbìn máa ń gba ọdún mélòó kan kó tó so, nítorí náà ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn. Wọ́n á gé e níwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, wọ́n á sì fi í síbi ibòji fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí wọ́n bá fi ojú ọgbẹ́ tútù kan ilẹ̀, ó di jíjẹrà nìyẹn. Ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n ń gbìn yí òpó kan ká, òpó kan sí èkejì sì máa ń tó mítà 3. Hẹ́kítà kan á wá gba nǹkan bí òpó 1,100. Kọnkéré ni òpó yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ọdọọdún ni ìtàkùn náà ń wúwo sí i, ó sì lè lo ogún ọdún. Ẹni tó bá fi igi lásán ṣe òpó kó lè dín owó kù, ikán àti òjò á bá a wó o nígbà tí oko ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa mówó wọlé. Gbogbo ẹ̀ka tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gé dànù títí ìtàkùn á fi dé orí òpó, níbi tí wọ́n de táyà àlòkù tàbí irin róbótó mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ka á ti tẹ̀ wálẹ̀, àwọn tó tẹ̀ wálẹ̀ yìí ló sì ń so.

Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń tanná, funfun, ó tóbi, ó sì ń ta sánsán. Tí oòrùn òwúrọ̀ bá ti ràn, ó ti rọ. Òru kan ṣoṣo náà ni. Ní Mẹ́síkò, àdán àti àfòpiná ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan lọ sórí èkejì. Púpọ̀ nínú àwọn tí inú wọn funfun lè gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí inú wọn pupa kì í gbà á. Àgbẹ̀ tó gbin irú ìyẹn ní láti gbé tọ́ọ̀ṣì wọ oko lóru, kó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn lẹ́búlẹ́bú lára oríṣi mìíràn, kó sì fi pa ọ̀pá àárín òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ìyẹn bá bọ́ sí i, nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà ni èso á pọ́n. Kì í ṣe bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n nílé o: adùn tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n já a náà ni adùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù wá kù. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án, tí òru kúrú, ni igi yìí ń so fúnra rẹ̀ ní Vietnam. Gbogbo oko ló ń so lásìkò kan náà, ọjà á kún, owó á já wálẹ̀. Tí òru bá ti gùn, igi á dákẹ́. Àwọn àgbẹ̀ á wá máa tan iná fún wákàtí mélòó kan láàárín òru, kí òkùnkùn gígùn lè pín sí méjì. Igi á gbà pé òru ti kúrú. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ìrudi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Èso àsìkò yìí ló ń bọ́ sí ọdún tuntun Tết, tí àwọn ará Vietnam máa ń to oríṣiríṣi èso sórí pẹpẹ àwọn baba ńlá wọn, owó rẹ̀ sì máa ń gbé pẹ́ẹ́lí. Owó iná mànàmáná náà kò kéré, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ti pa gílóòbù àtijọ́ tì, tí wọ́n ń lo gílóòbù LED tí kì í jẹ iná púpọ̀.

Ní ti ìlera, ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní fáíbà tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ yá èèyàn, ó ní magnesium àti fítámì C díẹ̀, àwọn hóró dúdú inú rẹ̀ sì ní ọ̀rá tó dára fún ara. Ó ní ṣúgà tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi í rọ́pò oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ èyí tí inú rẹ̀ pupa dáadáa, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ kejì, kó má já láyà, aró èso náà ni.

Ṣáínà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èso Vietnam. Nígbà tí Ṣáínà fún bodè pa nítorí Kòrónà ní ìparí ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé tó kó èso tò rẹrẹẹrẹ ní Lạng Sơn, lẹ́bàá bodè náà, èso ń bàjẹ́ lórí ìlà, àwọn àgbẹ̀ kan sì hú igi wọn. Ṣáínà fúnra rẹ̀ ti ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu ní Guangxi àti Guangdong. Àwọn ọjà mìíràn wà, tí wọ́n ń san owó tó dára jù, àmọ́ òfin wọn le: Japan fẹ́ kí wọ́n fi ooru gbígbóná pa ẹyin kòkòrò inú èso kó tó wọ ìlú wọn, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi ìtànṣán pa á. Àgbẹ̀ kan kò lè dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó èso jọ ló ní in, àwọn náà ló sì ń yan oko tí wọ́n á ti rà.