Ìfẹ́ ẹranko kọ́ ló ń ya orúnkún ewúrẹ́

Kí ọmọ kan sáà ya ọ̀bọ tó jọ ọ̀bọ ní Kétu, ohun kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ó fẹ́ràn ẹranko láti kékeré, ó kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ ni." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Pé ọ̀pọ̀ ayàwòrán ẹranko kò lọ́gàá, ìyẹn kò le láti gbà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n rò pé ẹni tí kò lọ́gàá kò kọ́ nǹkan kan, pé bí ìfẹ́ bá ti wà, ọwọ́ á mọ̀nà fúnra rẹ̀.

Kétu ló sì ń sọ ọ́ o, Kétu tí àwọn agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ejò àti ẹyẹ sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ta ló jẹ́ dúró níwájú wọn wí pé ìfẹ́ ejò ló gbẹ́ ejò? Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́. Àfi tó bá di ti bébà àti pẹ́ńsùlù.

Ẹ jẹ́ ká mú ewúrẹ́, torí kò sẹ́ni tí kò rí i lójoojúmọ́. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù nílé yín ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Oríkèé tó yọ gọngọ sẹ́yìn ní agbede-méjì ẹsẹ̀ yẹn, á ní orúnkún ni, pé orúnkún ẹranko ń ṣẹ́ sẹ́yìn. Orúnkún kọ́. Gìgísẹ̀ ni. Orí ìka ni ewúrẹ́ ń rìn, èékánná rẹ̀ là ń pè ní pátákò, nítorí náà àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nàró sókè, gìgísẹ̀ kò sì kanlẹ̀ rárá. Orúnkún gan-an wà lókè, lẹ́bàá ikùn, awọ àti irun bò ó, iwájú ló sì kọ sí bíi tiwa. Èyí tí a ń pè ní orúnkún lẹ́sẹ̀ iwájú ńkọ́? Ọrùn ọwọ́ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wọ ilé ìdáná. Kó mú odindi ẹsẹ̀ adìẹ kí wọ́n tó gé e. Ibi tí itan tó sanra ti pàdé egungun tí ọmọdé ń dì mú jẹ, orúnkún nìyẹn. Ibi tí ìpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé, kókósẹ̀ ni. A ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́, a ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó wá ti mọ ti ewúrẹ́, tó fi ya erin Pẹ́njárì, ọgbà ẹranko ní àríwá Benin, á tún kùnà. Orúnkún ẹ̀yìn erin wá sísàlẹ̀ gan-an, ó kúrò lábẹ́ ikùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wá dà bíi ti bàbá tó wọ ṣòkòtò fífẹ̀. Ẹni tó fi ojú ológbò ya ẹkùn náà ń ṣi í: ọmọlójú ológbò máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ nínú oòrùn, ti ẹkùn àti kìnnìún rí roboto.

George Stubbs, ayàwòrán ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ẹ lè sọ pé ó kọ́ ara rẹ̀, lo nǹkan bí oṣù 18 nídìí òkú ẹṣin, ó ń bó o ní ìpele-ìpele, ó sì ń yà á. Ọdún 1766 ni ìwé tó fi ṣe jáde. Bí ìfẹ́ bá tó, kí ló ń fi imú gbóòórùn òkú ẹṣin ṣe? Ní ti ẹ̀bùn, ta ló ní in ju Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, lọ? Ní 1515, ó ya àgbáǹréré tí kò fojú rí, ìròyìn àti àwòrán ẹlòmíì ló gbójú lé, ó sì fi ìwo kékeré kan sí i lẹ́yìn ọrùn. Ìwo yẹn kò sí. Ó ju igba ọdún lọ tí wọ́n fi ń dà á kọ ní Yúróòpù.

N kò ní kí ẹ̀bùn má sí o. Ojú àwọn kan máa ń tètè mú nǹkan, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ ló ń mú kí èèyàn lè jókòó ti ewúrẹ́ kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bóyá ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìdajì ni mo sọ.

Ẹ wá má tìtorí Stubbs lọ ra akika lọ́jà pé ẹ fẹ́ wo ìpẹ́ rẹ̀ dáadáa. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti ka òwò gbogbo ẹ̀yà akika láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì léèwọ̀, èyí tí ẹ bá sì rà, ọdẹ á lọ pa òmíì dípò rẹ̀. Adìẹ ọjọ́ ọdún tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ ya akika, fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ sáà gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó ta èyí tẹ́ ẹ wò ó yà.